Fọ́ńgọ́ọ̀sì lórí fáàfù ọkàn: èwo ni kí a yàn fún ẹni tí ọmọ-ogun ara rẹ̀ kò lágbára?

Ọkàn ní fáàfù mẹ́rin. Ilẹ̀kùn pẹlẹbẹ ni wọ́n, wọ́n ń ṣí, wọ́n ń tì, nǹkan bí ìgbà 100,000 lójúmọ́. Bí kòkòrò àìsàn bá dì mọ́ ọ̀kan nínú wọn, bakitéríà ló sábà máa ń jẹ́. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ mú, ẹnì kan tàbí méjì péré ni ti fọ́ńgọ́ọ̀sì, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ dókítà kì í fi í tètè rántí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹni tó ń gba kimó (oògùn jẹjẹrẹ), ẹni tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀ fún, ẹni tó ti ń lo sítẹ́rọ́ìdì fún oṣù gbọọrọ, tàbí ọmọ ìkókó tí oṣù rẹ̀ kò pé, ìtètè rántí yẹn ni ìdajì iṣẹ́.

Ìbéèrè tí ẹbí máa ń kọ́kọ́ bi ni "oògùn wo ni?" Ó tọ́ kí wọ́n bi í, àmọ́ ipò kẹta ló yẹ kó wà. Àkọ́kọ́ ni irú fọ́ńgọ́ọ̀sì tó jẹ́. Ìkejì ni bóyá fáàfù tó ti bàjẹ́ náà ṣeé gé kúrò. Bí méjì yìí kò bá tíì dájú, oògùn tó dára jù lọ pàápàá lè kùnà. Bí a ṣe máa tò wọ́n nìyẹn nínú ìfiwéra yìí, a ó sì sọ èyí tí àwa máa yàn níbi tí yíyàn bá wà. Ìwọ̀n oògùn tí ẹ máa rí, ti àgbàlagbà ni, ilé ìwòsàn ni wọ́n sì ti ń fún un. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dá lò nílé.

Ọ̀rọ̀ kan kí a tó bẹ̀rẹ̀. Kòkòrò tó bá dé orí fáàfù máa ń kó ara jọ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ dídì, á di kókó kan tó ń jó bí fáàfù ṣe ń ṣí tó ń tì. Èhù la ó máa pe kókó yìí. Fáàfù fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ní iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú, fọ́ńgọ́ọ̀sì sì máa ń fi ikẹ̀ bo ara rẹ̀. Oògùn kàn ń fọ ẹ̀yìn èhù náà kọjá ni, kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ àárín rẹ̀.

## Candida tàbí Aspergillus

Ọ̀kan nínú àwọn méjì yìí ló sábà máa ń jẹ́. Candida ló pọ̀ jù, Aspergillus ló tẹ̀ lé e. Oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì ni fluconazole, voriconazole, echinocandin àti amphotericin ọlọ́ràá (èyí tí wọ́n fi ọ̀rá wé) tí ẹ máa rí nínú àtẹ yìí.

| | Candida | Aspergillus |
|---|---|---|
| Ibi tó ti ń wá | Awọ ara, ẹnu, ìfun. Ó máa ń gba túùbù inú iṣan ńlá wọlé | Afẹ́fẹ́ tí a ń mí sínú. Nígbà mìíràn, yàrá iṣẹ́ abẹ |
| Ẹni tó sábà ń mú | Ẹni tó ní túùbù lára, tó ń gba oúnjẹ láti inú iṣan, tó ti lo oògùn bakitéríà púpọ̀, tàbí tó ní fáàfù àtọwọ́dá | Ẹni tí sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀ lọ sílẹ̀ pẹ́, ẹni tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀yà ara fún, ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún rí |
| Gbígbin ẹ̀jẹ̀ (láti wò ó bóyá kòkòrò á hù) | Ó sábà máa ń hù | Kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ hù |
| Ibi tó ń jókòó sí | Fáàfù | Fáàfù, tàbí ara ògiri ọkàn láìfọwọ́ kan fáàfù |
| Fluconazole | Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà rẹ̀ ń gbọ́ | Kò ràn án rárá |
| Oògùn ìbẹ̀rẹ̀ | Amphotericin ọlọ́ràá tàbí echinocandin ìwọ̀n gíga | Voriconazole tàbí amphotericin ọlọ́ràá |
| Láìsí iṣẹ́ abẹ | Oògùn ọlọ́jọ́ gbọọrọ lè dè é mọ́lẹ̀ fún àwọn kan | Ẹni tó ń là á já ṣọ̀wọ́n |

Ẹ tún ìlà gbígbin ẹ̀jẹ̀ yẹn wò, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe tó burú jù wà. Candida ń bí sí i ní hóró-hóró, hóró náà sì ń já bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Okùn ni Aspergillus ń ta, bí èbu tó hù lára ògiri tútù. Okùn náà ń wọ inú ẹran ara lọ, kì í já sínú ẹ̀jẹ̀ bí hóró. Ìgò ẹ̀jẹ̀ lè wà nínú ẹ̀rọ fún gbogbo ọjọ́ márùn-ún tí wọ́n máa ń fi ṣọ́ ọ, kó má hu ohunkóhun. Wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ mọ́, ẹbí á yọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó "mọ́" lára ẹni tí èhù ńlá wà lórí fáàfù rẹ̀, tí ọmọ-ogun ara rẹ̀ sì ti rẹ̀, kì í ṣe ìròyìn ayọ̀. Ó yẹ kó mú kí wọ́n máa wá Aspergillus kíkankíkan ni.

Ibà pàápàá ń tan èèyàn jẹ. Sítẹ́rọ́ìdì máa ń bo ibà mọ́lẹ̀, ẹni tí kò ní sẹ́ẹ̀lì funfun kò sì ní ohun tó máa fi wú tàbí fi gbóná. Nígbà mìíràn, àmì àkọ́kọ́ ni èhù tó já.

Èhù fọ́ńgọ́ọ̀sì sábà máa ń tóbi ju ti bakitéríà lọ, ó sì máa ń rún. Èyí tó já lè dí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá: ti ọpọlọ, ti ìfun, ti ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ kan á ṣàdédé tutù, àwọ̀ rẹ̀ á ṣì, á máa ro èèyàn gan-an; bí ẹ bá fi ìka kan ẹ̀yìn orúnkún, iṣan ibẹ̀ kò lù mọ́. Oníṣẹ́ abẹ á la ibẹ̀, á fi túùbù oníbálúùnù fa wóró èhù tó dí i jáde. Wóró yẹn níye lórí ju ìgò ẹ̀jẹ̀ mẹ́wàá lọ. Kí wọ́n gé e sí méjì. Ìdajì kan á lọ sínú formalin fún àwọn tó ń fi maikirosíkóòpù wo ẹran ara. Ìdajì kejì á lọ sínú ike tí wọ́n ti pa kòkòrò inú rẹ̀, pẹ̀lú omi iyọ̀ díẹ̀ kó má baà gbẹ, fún àwọn tó ń gbin kòkòrò. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n ju gbogbo rẹ̀ sínú formalin. Formalin ń pa fọ́ńgọ́ọ̀sì: wọ́n á rí i, ṣùgbọ́n wọn kò ní lè gbìn ín mọ́, wọn kò sì ní mọ oògùn tó ń gbọ́.

Lábẹ́ maikirosíkóòpù, bí wọ́n bá fi àwọ̀ fàdákà kùn ún, okùn Aspergillus á hàn tẹ́ẹ́rẹ́, pẹ̀lú oríkèé, á máa yà bí ẹ̀ka igi ní nǹkan bí ìgun 45. Candida á hàn bíi hóró àti okùn kúkúrú. Bí okùn náà bá gbòòrò bíi rìbọ́nì, tí oríkèé rẹ̀ kò pọ̀, tó ń yà ní nǹkan bí ìgun 90, Mucor àti àwọn ìbátan rẹ̀ nìyẹn. Voriconazole kò ṣe àwọn ìyẹn ní nǹkan kan, amphotericin ni.

Bó bá jẹ́ Candida, ẹ má dúró lórí orúkọ ìdílé, ẹ bèèrè orúkọ ẹ̀yà. C. albicans sábà máa ń gbọ́ fluconazole. C. parapsilosis, tó fẹ́ràn túùbù àti fáàfù àtọwọ́dá, máa ń le díẹ̀ sí echinocandin. C. glabrata kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ fluconazole, C. krusei kò gbọ́ ọ rárá. C. auris lè kọ oògùn ìdílé méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà; òun, C. albicans, Aspergillus fumigatus àti Cryptococcus neoformans ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tò sí ipò tó léwu jù nínú àkójọ fọ́ńgọ́ọ̀sì tí wọ́n gbé jáde ní 2022. Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ tuntun lórí ìwé láàbù: Nakaseomyces glabratus ni C. glabrata, Pichia kudriavzevii sì ni C. krusei. Ẹni tí kò mọ̀ lè má dá wọn mọ̀ bí àwọn tí kì í gbọ́ fluconazole, kó sì kọ ọ́ fún aláìsàn.

Histoplasma àti Cryptococcus náà lè gun orí fáàfù, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n. Àyẹ̀wò ìtọ̀ fún ti àkọ́kọ́, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún èèpo Cryptococcus fún ìkejì. Kò gba wàhálà láti fi kún ìwé àyẹ̀wò bí ohun gbogbo bá ṣì ń jáde lófìfo.

## Àyẹ̀wò wo ló tó gbẹ́kẹ̀ lé?

Kò sí ẹyọ kan tó tó. Gbígbin ẹ̀jẹ̀ ṣì ni ìpìlẹ̀, bí wọ́n bá ṣe é bó ṣe yẹ: ìgbà mẹ́ta, láti ojú iṣan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìgò méjì nígbà kọ̀ọ̀kan, 10 mL ẹ̀jẹ̀ nínú ìgò kọ̀ọ̀kan, kí oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kí wọ́n fa 3 mL nítorí pé iṣan aláìsàn ti fara pamọ́, tàbí kí wọ́n fa gbogbo rẹ̀ láti inú túùbù kan ṣoṣo. Hóró Candida inú ẹ̀jẹ̀ lè kéré débi pé 3 mL kò ní gbé ọ̀kan. Bí ìgò kan péré bá sì hu Candida, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ìdọ̀tí awọ ara ni. Kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ bí òótọ́, kí wọ́n sì tún máa gbin ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́ tàbí ní ọjọ́ méjì-méjì títí yóò fi mọ́.

Beta-D-glucan àti galactomannan jẹ́ àyẹ̀wò èèpo fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ń já sínú ẹ̀jẹ̀. Beta-D-glucan ń fa Candida àti Aspergillus méjèèjì yọ, àmọ́ kì í sọ èwo ni, kì í sì í rí Mucor. Lórí Cryptococcus náà, kò ṣeé gbára lé. Agbára rẹ̀ wà níbi tó bá lọ sílẹ̀ ní ìgbà bíi mélòó kan: ìyẹn ń dín ìfura Candida àti Aspergillus kù. Bó bá ga, ẹ bèèrè àwọn ohun tó ń gbé e ga lásán: fífọ ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú àlẹ̀mọ́ cellulose, abẹ́rẹ́ albumin tàbí immunoglobulin, òwú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sínú ara. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ ọkàn lè ní mẹ́ta nínú wọn lẹ́ẹ̀kan náà! Galactomannan ti Aspergillus ni ní pàtàkì, 0.5 ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ààlà. Ó máa ń ṣiṣẹ́ jù lára ẹni tí sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ó sì máa ń fara pamọ́ bí aláìsàn bá ti ń mu oògùn tó ń dènà èbu tẹ́lẹ̀. Èyí tó jáde lófìfo kò dá Aspergillus láre.

Ti àwòrán ọkàn, ẹ́kò orí àyà àti ẹ́kò ọ̀nà ọ̀fun ni ìfiwéra náà. Ti orí àyà rọrùn, kò dun èèyàn, wọ́n lè ṣe é lórí ibùsùn. Ó máa ń rí èhù ńlá. Ṣùgbọ́n fáàfù àtọwọ́dá máa ń ta òjìji bo ẹ̀yìn ara rẹ̀, ọwọ́ ẹ́kò orí àyà kì í sì í tó ìkójọ ọyún tó bá wà nídìí fáàfù. Ti ọ̀nà ọ̀fun, tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń jókòó sí ẹ̀yìn ọkàn gan-an, ló yẹ kí a yàn bí fáàfù àtọwọ́dá bá wà tàbí bí ìfura bá lágbára. Ìdíwọ́ rẹ̀ lára ẹni tó ń gba kimó ni egbò ẹnu àti ọ̀fun, pẹ̀lú platelet (ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì) tó lọ sílẹ̀. Wọ́n lè ní láti fa platelet sí i lára kí wọ́n tó ti ẹ̀rọ náà wọlé. Bí àkọ́kọ́ kò bá rí nǹkan, tí ìfura kò sì lọ, kí wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ 5 sí 7. Kí ẹni tó ń ya á wo ògiri ọkàn pẹ̀lú, kó má kàn wo fáàfù tán kó pa ẹ̀rọ.

Dókítà ojú gbọ́dọ̀ wo ẹ̀yìn ojú ẹni tí Candida wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí kò bá ní sẹ́ẹ̀lì funfun, kí wọ́n tún un wò nígbà tí sẹ́ẹ̀lì náà bá padà, torí àpá funfun inú ojú lè má hàn kó tó dìgbà yẹn. Èsì yìí máa yí oògùn padà, bí ẹ ṣe máa rí i nísàlẹ̀.

## Oògùn fún Candida: amphotericin ọlọ́ràá tàbí echinocandin?

Ìlànà ìtọ́jú Amẹ́ríkà ti 2016 fi àwọn méjèèjì sí ipò ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yà ara tó rẹ̀ jù lára aláìsàn ló máa pinnu.

Amphotericin ọlọ́ràá, 3 sí 5 mg fún kílò kan lójúmọ́. Ẹni tó wọn kílò 60 á gba 180 sí 300 mg. Ó ń pa fọ́ńgọ́ọ̀sì, ó ń wọ inú èhù dé ìwọ̀n kan, ó ṣeé lò fún ọpọlọ àti ojú. Kíndìnrín ló ń san owó rẹ̀. Potassium àti magnesium á máa jò jáde nínú ìtọ̀. Bí wọn kò bá dá a padà, ọkàn tó ti ń ṣàìsàn lè bẹ̀rẹ̀ sí í lù ségesège. Òtútù àti ibà lè gbọn èèyàn bó ṣe ń wọlé.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń pò ó. Omi dextrose 5% ni wọ́n fi ń là á. Bí omi iyọ̀ bá kàn án, á dì sínú àpò bíi wàrà tó ti bàjẹ́, oògùn náà ti ṣòfò nìyẹn. Nítorí náà, bí túùbù tí wọ́n máa lò bá ti gbé omi iyọ̀, dextrose ni kí wọ́n fi ṣan án kí wọ́n tó so oògùn mọ́ ọn. Síbẹ̀, omi iyọ̀ kan náà, 500 mL sí lítà kan, ni wọ́n ń fún aláìsàn ṣáájú láti dáàbò bo kíndìnrín. Ibí ni ìṣòro ti àìsàn fáàfù ti yọjú. Ẹni tí fáàfù rẹ̀ ń jò lè má gba lítà kan. Omi náà á kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Kí wọ́n gbọ́ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kí wọ́n tó so ó, kí wọ́n sì dín in kù bó bá yẹ.

Echinocandin, ní ìwọ̀n gíga: caspofungin 150 mg, micafungin 150 mg, tàbí anidulafungin 200 mg lójúmọ́. Ìwọ̀n tó wà fún Candida inú ẹ̀jẹ̀ lásán kéré sí èyí. Caspofungin jẹ́ 50 mg lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́, àwọn méjì tó kù jẹ́ 100 mg. Àṣìṣe kan tó rọrùn láti ṣe ni kí ìwọ̀n kékeré yẹn máa bá a lọ lẹ́yìn tí ẹ́kò ti fi èhù hàn. Echinocandin kò ba kíndìnrín jẹ́, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ bá oògùn mìíràn jà. Àbùkù rẹ̀ ni pé kì í wọ ojú àti ọpọlọ dáadáa, inú iṣan nìkan ni wọ́n sì ti ń fún un.

Bí àwa ṣe máa yàn: kíndìnrín tí wọ́n pààrọ̀, tàbí creatinine (ìdọ̀tí ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín ń lé jáde) tó ti ń gòkè, echinocandin. Ojú tàbí ọpọlọ tí fọ́ńgọ́ọ̀sì ti dé, amphotericin. C. parapsilosis lórí fáàfù àtọwọ́dá, a tún fì sí ọ̀dọ̀ amphotericin bí kíndìnrín bá lè gbé e. Bí kò bá tíì sí orúkọ ẹ̀yà kankan, tí Aspergillus ṣì lè jẹ́, amphotericin ọlọ́ràá ló gbòòrò jù.

Wọ́n lè fi flucytosine kún amphotericin, 25 mg fún kílò kan, ìgbà mẹ́rin lójúmọ́. Ó ń wọ ibi gbogbo, títí kan ọpọlọ. Àmọ́ ó ń tẹ mùdùnmúdùn eegun rì, ohun tí ẹni tó ń gba kimó kò ní láti fi tọrọ. Ìdẹkùn rẹ̀ rí báyìí: amphotericin á ba kíndìnrín jẹ́ díẹ̀, kíndìnrín ló sì ń lé flucytosine jáde, ó wá ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi kún un, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà sẹ́ẹ̀lì funfun á já. Ibi tí wọn kò bá ti lè wọn ìwọ̀n rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, àwa ò ní fi fún ẹni tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti kéré. Kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ lò ó nìkan, torí Candida máa ń kọ́ bó ṣe máa kọ̀ ọ́ kíákíá.

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ti mọ́, tí ara bá ti balẹ̀, tí láàbù sì ti fi hàn pé ẹ̀yà náà ń gbọ́, wọ́n lè sún un sí fluconazole, 400 sí 800 mg lójúmọ́. Ó ṣeé gbé mì, ó sì ń dé ojú àti ọpọlọ. Láti ọjọ́ kìíní kọ́ o.

## Oògùn fún Aspergillus

Voriconazole ni wọ́n sábà fi ń ṣáájú: 6 mg fún kílò kan ní wákàtí 12-12 lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà 4 mg fún kílò kan ní wákàtí 12-12. Ara kálukú ń lò ó lọ́nà tirẹ̀, nítorí náà kí wọ́n wọn ìwọ̀n rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ láàárín ọjọ́ 4 sí 7, kí ìwọ̀n tó kù kí oògùn tó kàn tó wọlé wà láàárín 1 sí 5.5 mg nínú lítà kan. Bó bá wà nísàlẹ̀, kò ṣiṣẹ́. Bó bá ga jù, aláìsàn lè máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á sì máa ké. Ìyípadà díẹ̀ nínú ìríran wọ́pọ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó sì máa ń lọ. Ẹ jẹ́ kí aláìsàn mọ̀ kó má baà já oògùn sílẹ̀. Oòrùn á máa jó awọ ẹni tó bá lò ó pẹ́, fún ọdún kan sókè sì ni jẹjẹrẹ awọ ara ti di ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa ṣọ́.

Isavuconazole máa ń ṣe ẹ̀dọ̀ àti ojú pẹ̀lẹ́, wọn kì í sì í sábà ní láti wọn ìwọ̀n rẹ̀. Ìyàtọ̀ kan wà tí dókítà ọkàn gbọ́dọ̀ mọ̀: lórí ECG (àyẹ̀wò iná mànàmáná inú ọkàn), voriconazole ń fa QT (àkókò tí ọkàn fi ń lù tó sì ń gbára dì padà) gùn, isavuconazole ń gé e kúrú. Ẹni tí QT rẹ̀ ti gùn tẹ́lẹ̀, isavuconazole ló wù wá fún un. Amphotericin ọlọ́ràá ló kàn bí aláìsàn bá ti ń mu azole (ìdílé oògùn tí fluconazole, voriconazole àti isavuconazole wà) nígbà tí àìsàn náà mú un, torí ó ṣeé ṣe kí fọ́ńgọ́ọ̀sì náà ti mọ azole. Àyàfi Aspergillus terreus: ìyẹn kì í gbọ́ amphotericin.

Ìjà oògùn sí oògùn ló ń ṣe ẹni tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀yà ara fún ní jàǹbá jù níbi yìí. Ọjọ́ tí voriconazole bá bẹ̀rẹ̀, tacrolimus gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ sí ìdá kan nínú mẹ́ta, cyclosporine sí ìdajì (oògùn tí kì í jẹ́ kí ara kọ ẹ̀yà tí wọ́n pààrọ̀ ni méjèèjì), kí wọ́n sì máa wọn ìwọ̀n wọn. Sirolimus, irú wọn kan náà, kò bá a rìn rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni vincristine tó wà nínú àwọn kimó kan, torí iṣan ara lè rọ pátápátá. Rifampicin, oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, á gbé voriconazole kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ bí ẹni fi ìgbálẹ̀ gbá a. Èyí tí wọ́n máa ń gbàgbé ni ọjọ́ tí voriconazole bá dúró: bí wọn kò bá dá tacrolimus padà sókè, ara lè kọ ẹ̀yà tí wọ́n pààrọ̀ náà.

## Iṣẹ́ abẹ tàbí oògùn nìkan

Fún fọ́ńgọ́ọ̀sì, iṣẹ́ abẹ ni ìlànà Yúróòpù ti 2023 àti ti Amẹ́ríkà máa ń darí èèyàn sí, kódà kí ọkàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni ikẹ̀ àti èhù tí a ti sọ. Oògùn nìkan lè jẹ́ yíyàn gidi fún Candida lórí fáàfù àdánidá, bí èhù bá kéré, tí ẹ̀jẹ̀ tètè mọ́, tí kò sí ìkójọ ọyún nídìí fáàfù, tàbí bí aláìsàn kò bá lè gbé iṣẹ́ abẹ. Fún Aspergillus, oògùn nìkan jẹ́ ohun tí èèyàn ń ṣe nígbà tí ọ̀nà mìíràn ti dí.

Ìbéèrè tó le ni ìgbà wo. Ẹni tí kò ní sẹ́ẹ̀lì funfun, tí platelet rẹ̀ sì wà nílẹ̀, oníṣẹ́ abẹ á fẹ́ dúró títí sẹ́ẹ̀lì á fi padà. Ó bọ́gbọ́n mu bó bá jẹ́ ọjọ́ mélòó kan, tí wọ́n sì ń fi abẹ́rẹ́ G-CSF ti mùdùnmúdùn lẹ́yìn. Bí èhù bá ti já lẹ́ẹ̀kan, tí èyí tó kù ṣì gùn ju 10 mm lọ, ìdúró ti léwu ju ọ̀bẹ lọ. Kí wọ́n ya àwòrán ọpọlọ kí wọ́n tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀jẹ̀ tó tú sínú ọpọlọ sábà máa ń sún iṣẹ́ abẹ síwájú, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, bí ọkàn bá lè dúró dè é. Iṣan ọpọlọ tó dí láìsí ìtúẹ̀jẹ̀ kò fi dandan sún un.

Fáàfù wo ni kí wọ́n fi sí i? Fáàfù ẹ̀rọ ń pẹ́, ṣùgbọ́n warfarin (oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì) títí ayé ni. Fáàfù awọ ẹran máa ń gbó lẹ́yìn ọdún púpọ̀, kò sì béèrè warfarin títí lọ. Aláìsàn yìí máa mu azole fún ìgbà gbọọrọ, fluconazole àti voriconazole méjèèjì sì máa ń ti INR (òǹkà bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì) sókè. Ẹ fi platelet tó ń já lẹ́yìn kimó kún un. Àwa máa yan awọ ẹran, kódà fún ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ ì bá mú kí wọ́n fi ti ẹ̀rọ sí i. Fáàfù tí wọ́n gé jáde, bíi ti wóró ẹsẹ̀ ni: ìdajì sínú formalin, ìdajì síta formalin.

Túùbù inú iṣan ńlá tó wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Kí wọ́n yọ ọ́. Èyí kì í ṣe yíyàn.

## Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó kéré tán, láti ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ń ka ìtọ́jú Candida, kì í ṣe láti ọjọ́ tí oògùn bẹ̀rẹ̀. Á ju bẹ́ẹ̀ lọ bí ìkójọ ọyún bá wà nídìí fáàfù. Ẹni tí kò ṣiṣẹ́ abẹ, àti ẹni tí fáàfù àtọwọ́dá rẹ̀ ló kó o, á máa bá fluconazole 400 sí 800 mg lọ lójúmọ́ láti dè é mọ́lẹ̀. Fún Aspergillus, ó yẹ kí wọ́n ro ti oògùn títí ayé, pàápàá bí oògùn tó ń tẹ ọmọ-ogun ara mọ́lẹ̀ kò bá lè dúró. Kí wọ́n dín sítẹ́rọ́ìdì kù dé ibi tó bá ṣeé dín dé, pẹ̀lú ìmọ̀ràn dókítà tó kọ ọ́. Ẹ má fúnra yín já a lójijì, ara lè dá kú.

Àìsàn yìí máa ń padà, nígbà mìíràn lẹ́yìn oṣù púpọ̀ tí gbogbo ènìyàn ti gbàgbé. Ẹ́kò àti gbígbin ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ fún ọdún méjì ó kéré tán, kí wọ́n sì máa wo ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti ECG níwọ̀n ìgbà tí azole bá ṣì wà. Kí ẹbí mọ àwọn tó ń béèrè ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an: apá tàbí ẹsẹ̀ tó ṣàdédé tutù, ojú tàbí ẹnu tó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ojú kan tó ń ríran bàìbàì, ikùn tó ń ro ṣíkáṣíká láìnídìí, mímí tí kò fẹ́ kí èèyàn dùbúlẹ̀. Ibà tó kọjá 38 náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹni tó wà lórí sítẹ́rọ́ìdì lè má ní ibà kankan.